Wu Guanzhong ní Hong Kong: ẹ lọ fojú ara yín rí i kẹ́ ẹ tó ra pósítà

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó yẹ kí n parí sí bẹ̀rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má baà ka gbogbo rẹ̀ tán kó tó mọ ohun tí mò ń sọ. Tẹ́ ẹ bá ní wákàtí méjì péré ní Hong Kong tẹ́ ò mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ lọ sí Hong Kong Museum of Art ní Tsim Sha Tsui, ẹ béèrè yàrá Wu Guanzhong, ayàwòrán ará Ṣáínà, kẹ́ ẹ lọ dúró níwájú iṣẹ́ bàbá yẹn. Ọ̀fẹ́ ni. Tó bá wá jẹ́ pé pósítà iṣẹ́ rẹ̀ lẹ fẹ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ fi kọ́ sí pálọ̀, ẹ dúró ná, ẹ kà á débẹ̀, torí èmi ti rà á, mo sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Iṣẹ́ dìsáìnì ni mo fi ń jẹun, lógò, fláyà, èèpo ìwé, páálí ọjà, irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí náà ojú dìsáìnì ni mo fi ń wo bàbá yìí, kì í ṣe ojú ọ̀mọ̀wé. Àwọn tó mọ àwòrán Ṣáínà látayébáyé dunjú lè rí nǹkan míì tójú mi ò tó, kò burú, kí wọ́n kọ tiwọn.

Fẹ́ni tí ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: wọ́n bí i ní 1919 ní Yixing, ní ìpínlẹ̀ Jiangsu, ibi tí wọ́n ti ń fi amọ̀ ṣe àwọn ìkòkò tíì tó lókìkí yẹn. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló kọ́kọ́ ń kọ́ ní Hangzhou o! Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Chu Teh-Chun ló mú un lọ wo ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tó wà nílùú yẹn, ó wọlé, ó rí àwòrán, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná parí síbẹ̀. 1936 nìyẹn. Lin Fengmian ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà yẹn, òun náà ti kàwé ní Faransé rí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán òyìnbó àti ti Ṣáínà pa pọ̀, kò sí pé o gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kó o ju èkejì nù. Ní 1947 ìjọba fi sikọ́láṣípù rán an lọ sí Paris, ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta níbẹ̀, nígbà tó di 1950 ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sílé. Chu Teh-Chun tó mú un wọ iṣẹ́ yìí àti Zao Wou-Ki tóun náà jáde ní Hangzhou, Faransé làwọn fìdí kalẹ̀ sí, wọ́n di ọ̀gá ńlá níbẹ̀. Òun ní tiẹ̀ lóun ń lọlé.

Ilé ò dùn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ní Ṣáínà lásìkò yẹn ni àwòrán òṣìṣẹ́, àgbẹ̀ àti sójà, kó hàn kedere, kó sì ní ẹ̀kọ́ ìjọba nínú. Èèyàn tó bá wá dúró níwájú kíláàsì tó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹwà ìlà, ẹwà bí nǹkan ṣe jókòó lórí bébà, wọ́n á ní ìrísí ló ń bọ, kò bìkítà fún aráàlú. Báyìí ni wọ́n ṣe tì í kúrò nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tó ga jù ní Beijing, ní 1953 ó bára rẹ̀ ní Yunifásítì Tsinghua, ó ń kọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ di ayàwòrán ilé bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà olómi ya nǹkan. Láti 1964 ó tún bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti dìsáìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbi yìí díẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé nípa bàbá yìí, Paris, Paris, Paris ni wọ́n máa ń pariwo. Èmi gbà pé ọ̀pọ̀ ọdún tó lò láàárín àwọn ayàwòrán ilé àtàwọn oníṣẹ́ dìsáìnì ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe rí, tẹ́ ẹ bá dúró níwájú àwòrán rẹ̀ ẹ máa rí i pé ẹni tó ń ka ògiri bí ẹni ka lẹ́tà ló yà á.

Ká sáré gba ibi tó le kọjá. Nígbà tí Ìyípadà Àṣà ti Mao, olórí Ṣáínà nígbà yẹn, bẹ̀rẹ̀ ní 1966, tí wọ́n ń dọdẹ àwọn ọ̀mọ̀wé àtàwọn oníṣẹ́ ọnà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ba àwọn àwòrán èèyàn ìhòòhò tó ti yà jẹ́ kí wọ́n má baà wá ká a mọ́lé. Ní 1970 wọ́n kó òun àtàwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí abúlé ní Hebei pé kí wọ́n lọ roko. Wọn ò kọ́kọ́ jẹ́ kó yàwòrán rárá, nígbà tó yá wọ́n fún un láyè lọ́jọ́ ìsinmi. Kò sí kánfáàsì, kò sí igi téèyàn ń gbé àwòrán lé, ló bá lọ ra pátákó dúdú kékeré tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù abúlé, ó fi gúlù kùn ún, ó wá gbé e lé orí agbọ̀n tí wọ́n fi ń kó ìgbẹ́ ẹran. Ọkà bàbà ló ń yà, òwú ló ń yà, nǹkan oko lásán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní ayàwòrán agbọ̀n ìgbẹ́ ni. Ó gba orúkọ yẹn, ó tún máa ń fi ṣeré.

Ó dáa, ìtàn tó yẹn. Iṣẹ́ gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Èyí tí gbogbo èèyàn ń bá wá sí mùsíọ́mù yẹn ni Alápàáńdẹ̀dẹ̀ Méjì, 1981 ló yà á, yíǹkì àti ọ̀dà lórí bébà. Bébà náà gùn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì gíga rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀: ilé ará Jiangnan, ìyẹn agbègbè tó wà ní gúúsù odò Yangtze, níbi tí ilé wọn ti máa ń ní ògiri funfun àti òrùlé dúdú tí omi sì máa ń wà níwájú ilé. Igi kan. Ẹnu ọ̀nà tó dúdú kirikiri. Àtàwọn ẹyẹ alápàáńdẹ̀dẹ̀ méjì tó kéré débi pé tẹ́ ẹ ò bá wá wọn ẹ ò ní rí wọn. Ó tán. Kò sí òkè tó wọ kùrukùru, kò sí bàbá arúgbó tó gbé ọ̀pá lórí afárá, kò sí oparun, gbogbo nǹkan téèyàn máa ń retí nínú àwòrán Ṣáínà, kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ bẹ́ ẹ bá fi han ẹnikẹ́ni níbikíbi láyé, wọ́n á ní Ṣáínà ni.

Báwo ló ṣe ṣe é? Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí, ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Ògiri funfun yẹn, kò kùn ún. Bébà ni. Bébà tí ò fọwọ́ kàn ló di ògiri ilé, ó kàn fi ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sókè rẹ̀ fún òrùlé, ó fi dúdú onígun mẹ́rin sísàlẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà, ojú yín fúnra rẹ̀ á bá a kọ́ ilé tó kù. Fífi àyè sílẹ̀ báyìí, àwọn ayàwòrán Ṣáínà ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, àwọn àtijọ́ máa ń fi bébà lásán ṣe ìkùukùu tàbí omi. Ohun tí bàbá yìí wá ṣe ni pé ó mú àyè yẹn, ó gún un ní igun mẹ́rin, ó sọ ọ́ di búlọ́ọ̀kù. Ní ọ̀nà tiwa níbi iṣẹ́ dìsáìnì, ó ṣe leyáòtù, ìyẹn ni pé ó to nǹkan sójú bébà. Ìlà gígùn kan tó sùn gbalaja, àwọn ìlà kéékèèké tó dúró, dúdú díẹ̀, funfun púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé iṣẹ́ yẹn àti ti Mondrian, òyìnbó ayàwòrán tó máa ń fi ìlà tààrà àti igun mẹ́rin ya nǹkan, ń sọ̀rọ̀ síra wọn, kò fi pamọ́.

Àmọ́ Mondrian fẹ́ kí ìlà tààrà jẹ́ tààrà, bíi pé rúlà ló fà á. Ti Wu, ọwọ́ wà níbẹ̀. Bébà xuan tí wọ́n ń lò yẹn máa ń mu yíǹkì bó bá ti kàn án, kò sí pé ò ń parẹ́, kò sí pé ò ń padà, bó o bá dúró pẹ́ jù yíǹkì á tàn, bó o bá sáré jù á gbẹ láàárín ọ̀nà. Nítorí náà etí ìlà òrùlé yẹn ń mí, àwọn ibì kan dúdú bí èédú, àwọn ibì kan ti ń di eérú, lójú èmi ibẹ̀ ni gbogbo agbára àwòrán yẹn wà. Àti lórí fóònù, ẹ ò lè rí i! Lórí fóònù ìlà dúdú kan lásán ni. Mo ti wo àwòrán yìí lórí skríìnì tipẹ́ kí n tó débẹ̀, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, mo wá débẹ̀ mo ríi pé ohun tí mo mọ̀ ò ju àpèjúwe rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá wá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń ronú, kó má dúró lórí ọ̀kan yẹn nìkan. Àwòrán mẹ́ta ló so kọ́ra. Alápàáńdẹ̀dẹ̀ Méjì, 1981. Lẹ́yìn náà, 1988, ó ya ilé Qiu Jin, obìnrin ajàjàgbara tí wọ́n bẹ́ lórí ní Shaoxing ní 1907, ilé Jiangnan náà ni, àmọ́ ó ti yọ nǹkan púpọ̀ kúrò. Nígbà tó di 1996 ó ya Ìrántí Jiangnan, ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ó ku ìlà díẹ̀, ó ku ibi dúdú díẹ̀, ó ku àmì tíntìntín tójú yín á mọ̀ pé ẹyẹ ni kìkì nítorí pé ẹ ti rí ẹyẹ nínú ti àkọ́kọ́. Ẹ wo bí àwọn kọ́ńpìnnì ńlá ṣe máa ń gé lógò wọn kù lọ́dọọdún títí tó fi máa ku ìlà méjì tí gbogbo ayé sì ṣì mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, àfi pé kọ́ńpìnnì ń ṣe é nítorí pé kó lè wọ fóònù, bàbá yìí sì lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí irú ilé kan náà nítorí pé ó fẹ́ mọ ìgbà tí ilé ò ní jẹ́ ilé mọ́.

Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ, pé ẹni tó bá ń yàwòrán tí nǹkan inú rẹ̀ ń lọ jìnnà sí ohun tójú rí, ó dà bí ẹni tó ń fi káìtì fò, okùn káìtì náà kò gbọ́dọ̀ já, ó gbọ́dọ̀ ṣì so mọ́ ọwọ́ aráàlú tó wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu ni, èyí tó sì dùn nínú rẹ̀ ni pé ó tẹ̀ lé e lóòótọ́. Ti 1996 yẹn, okùn ti tín-ín-rín gan-an, àmọ́ kò já.

Ọ̀rọ̀ míì tó sọ ló wá dá ìjà sílẹ̀. Ní 1992 ó kọ̀wé ní Hong Kong pé ọgbọ́n búrọ́ṣì àti yíǹkì tí àwọn ará Ṣáínà ń gbé gẹ̀gẹ̀, bó bá ti yà sọ́tọ̀ kúrò lára àwòrán gan-an, òdo ni. Òdo! Ẹ gbọ́, ká sọ fún àwọn tó ti fi gbogbo ayé wọn kọ́ bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ṣì mú pé òdo ni. Àwọn àgbà bínú, àríyànjiyàn yẹn ṣì ń jà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn bàbá. A ń rí i nídìí iṣẹ́ tiwa náà, èèyàn á mọ gbogbo kọ́kọ́rọ́ inú kọ̀ǹpútà, á mọ gbogbo ọgbọ́n, kí fláyà tó ṣe máa wá dà bíi pé kò sẹ́ni tó wà nílé. Ọdún 1992 yẹn kan náà ni British Museum gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta, òun sì ni ayàwòrán ará Ṣáínà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún nígbà tó ṣì wà láàyè.

Ǹjẹ́ gbogbo rẹ̀ ló dára? Rárá o. Mo fẹ́ sọ òótọ́ torí ríbíù ni mò ń kọ, kì í ṣe oríkì. Lẹ́yìn nǹkan bí 1985 síwájú, bàbá yìí fẹ́ràn àmì kéékèèké aláwọ̀, pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, ó máa ń wọ́n wọn káàkiri lórí àwọn ìlà dúdú. Nínú àwọn kan ó dùn, ó dà bíi pé ewé àti òdòdó ń jábọ́, ojú yín á máa ta lọ ta bọ̀. Nínú àwọn míì, ó ti di àṣà ọwọ́, ó di bátànì aṣọ, ẹ lè gé e sí mẹ́rin kẹ́ ẹ pín in fún èèyàn mẹ́rin kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan sọnù. Àwòrán tó dáa kì í ṣeé gé. Àwọn àwòrán tó fi ya àwọn òkúta inú ọgbà Lion Grove ní Suzhou, níbi tí ìlà ti ń yí ká òkúta bí ẹni ń wá ọ̀nà àbájáde, ìyẹn lágbára. Àmọ́ tí ìlà bá ti ń yí tí ò sí òkúta mọ́, ó máa ń sú mi.

Òun náà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀. Ní 1991 ó jókòó, ó tú àpótí, ó fa àwòrán tó lé ní igba ya nítorí pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Igba! Nígbà tí owó iṣẹ́ rẹ̀ ti ń lọ sókè. Ní 2016, lẹ́yìn tó ti kú, wọ́n ta àwòrán epo tó yà ní 1997 nípa ìlú Zhouzhuang ní ọ̀kàṣọ̀n, ìyẹn gbàǹjo, ní Hong Kong ní HK$236 mílíọ̀nù. Ẹ fi ìyẹn ṣírò igba bébà tó fà ya.

Ìdí tí Hong Kong fi ní iṣẹ́ rẹ̀ tó báyẹn ni pé fífúnni ló fún wọn, òun àtàwọn ẹbí rẹ̀, wọn ò tà á. Ọjọ́ tó kú gan-an, 25 oṣù kẹfà 2010, ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà wà ní Hong Kong, ó ń fi àwọn iṣẹ́ tí bàbá ṣe kẹ́yìn lé mùsíọ́mù lọ́wọ́, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá dákẹ́ ní Beijing. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n má rántí pé mo wà ní mùsíọ́mù nígbà tí mo rí àwọn iṣẹ́ ìkẹyìn yẹn, mo kàn ń wo ọwọ́ àgbàlagbà.

Ó yá, pósítà.

Lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀, mo fẹ́ Alápàáńdẹ̀dẹ̀ Méjì lórí ògiri ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí ẹnì kan tó ń tà á, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, HK$180 pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́, àwòrán tó gbé síta dára gan-an. Ó dé. Bébà rẹ̀ nípọn, ó wé e dáadáa sínú páìpù páálí, kò ká, kò ya, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwòrán náà kọ́? Háà.

Àkọ́kọ́, ó gé e. Torí pé fírémù tí gbogbo ayé ń lò kì í gùn tóyẹn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gé ọ̀tún ó gé òsì kó lè wọ inú ìwọ̀n tó ní. Ẹ rántí pé mo sọ pé ìlà gígùn yẹn ni gbogbo rẹ̀. Bó ṣe gé e, ilé tó sùn gbalaja di ilé tó ká ẹsẹ̀ jókòó, ẹyẹ méjì tó yẹ kó ní gbogbo òfuurufú fún ara wọn wá fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbá etí fírémù. Ìkejì, ó kùn ún. Kò sí bó ṣe jẹ́, ẹni tó ṣe é ti lọ fi àwọ̀ kírímù díẹ̀ sí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè dà bíi pé ó ti pẹ́, torí ní orí ẹni tó ń tajà, nǹkan Ṣáínà gbọ́dọ̀ rí bíi nǹkan àtijọ́. Funfun ló ń ta ojú nínú àwòrán yẹn! Ẹ mú funfun kúrò, ẹ ti mú ògiri kúrò, ẹ ti mú ilé kúrò. Ìkẹta ni dúdú: gbogbo dúdú rẹ̀ dọ́gba, láti orí òrùlé títí dé ẹnu ọ̀nà, ìpele kan ṣoṣo, kò sí èyí tó ń di eérú, kò sí èyí tó ń mu sínú bébà. Mo gbé e sí ògiri fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pé bóyá ojú mi á mọ́ ọn lára. Kò mọ́ ọn lára. Mo ti yọ ọ́.

Tó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ rà, ohun tí màá sọ fún yín rèé. Ẹ béèrè ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó sanwó, tí gíga àti ìbú ò bá sún mọ́ ọ̀kan sí méjì, wọ́n ti gé e, ẹ má rà. Ẹ ní kó fi fọ́tò bébà gan-an ránṣẹ́ sí yín níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà, kì í ṣe fọ́tò tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà gbé sórí ògiri pálọ̀ ẹlòmíràn. Bébà tí ò dán ni kẹ́ ẹ mú, èyí tó ń dán máa pa yíǹkì. Ẹ sì jẹ́ kó tóbi, ọ̀rọ̀ kékeré ò sí níbí, iṣẹ́ tó jẹ́ pé àyè òfìfo ló gbé e dúró, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di kékeré, àyè náà á di kékeré. Tówó yín ò bá tó ti ńlá, ẹ ra ìwé tí wọ́n kó àwòrán rẹ̀ jọ sí, èyí tó bá ní ojú ewé tó ń ṣí jáde, kẹ́ ẹ máa ṣí i wò, ó sàn jù pósítà kékeré lọ.

Ẹni tó bá wá pè yín pé òun ní ojúlówó Wu Guanzhong, òun fẹ́ ta á fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ fẹsẹ̀ fẹ. Ayédèrú iṣẹ́ bàbá yìí ti wà nígboro láti ìgbà tó ṣì wà láàyè. Ní 1993 wọ́n ta àwòrán Mao kan ní ọ̀kàṣọ̀n ní Hong Kong tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó lóun ò ya irú ẹ̀ rí, ó gbé àwọn tó tà á lọ sí kóòtù ní Shanghai, ó gba ọdún bíi méjì, ó borí. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń sáré kóòtù nítorí bébà kan tí kì í ṣe tiẹ̀. Ó bínú sí i gan-an, torí gbogbo àkókò yẹn, ó ní iṣẹ́ ni òun ì bá fi ṣe.

Ẹ ò lè dé Hong Kong? Singapore wà. Ní 2008 ó fún wọn ní iṣẹ́ 113, wọ́n ṣírò rẹ̀ nígbà yẹn sí nǹkan bíi S$66 mílíọ̀nù, National Gallery Singapore tó ṣí ní 2015 nínú ilé ẹjọ́ gíga àtijọ́ wọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Mi ò tíì débẹ̀, torí náà mi ò ní fún un ní máàkì.

Ti Hong Kong, máàkì tèmi: iṣẹ́ orí ògiri, 5 nínú 5 fún àwọn mẹ́ta tó so kọ́ra yẹn, 3 fún àwọn àmì aláwọ̀ mèremère. Ilé náà fúnra rẹ̀, wọ́n ti tún un ṣe, 2015 ni wọ́n tì í, ìparí 2019 ni wọ́n tó ṣí i, ó wà létí omi gan-an, ẹ̀gbẹ́ Cultural Centre, ẹni tó bá bọ́ọ́lẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi Star Ferry máa fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láìlàágùn, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin MTR náà kó bọ́ sí East Tsim Sha Tsui. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń tì, ẹ má lọ lọ́jọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí àwòrán kan pàtó, ẹ yẹ ìkànnì wọn wò kẹ́ ẹ tó gbéra, torí iṣẹ́ orí bébà kì í pẹ́ lórí ògiri níbikíbi láyé, ìmọ́lẹ̀ máa ń bà á jẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbé e wọlé kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò, nítorí náà ohun tí èmi rí lè má jẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa bá. Tẹ́ ẹ bá dé iwájú Alápàáńdẹ̀dẹ̀ Méjì, ẹ kọ́kọ́ dúró lọ́ọ̀ọ́kán kẹ́ ẹ rí ìlà gígùn yẹn látòkèèrè, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá sún mọ́ ọn wo etí òrùlé.

Àti pé ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta Ìrántí Jiangnan ti 1996 ní pósítà tó tóbi, tí wọn ò gé, tí wọn ò sì fi kírímù kùn, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí. Ìṣó tí mo fi kọ́ tàkọ́kọ́ ṣì wà lára ògiri.